Oògùn Àwọn Àgbà Nígbà Àjàkálẹ̀-Àrùn

Àwọn baba wa a máa wí pé bí àgbà kò bá sí, ìlú a bàjẹ́. Síbẹ̀, bí àjàkálẹ̀-àrùn bá dé, àgbà ni ó ń kọ́kọ́ rí ìpọ́njú. Agbára rẹ̀ ti dínkù, owó kò wọlé fún un mọ́, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti àtọ̀gbẹ sì ti wà lọ́rùn rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo mọ ìyá àgbà kan tí ó ń dá hóró oògùn rẹ̀ sí méjì kí ó lè pẹ́ lọ́wọ́. Ààbọ̀ oògùn kì í ṣe iṣẹ́ odindi.

Kí ni ó ń mú kí oògùn wọ́n? Ìbẹ̀rù jẹ́ ọ̀kan. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kejì ọdún 2020, a rí àrùn Kòrónà ní Nàìjíríà lára àlejò kan láti Ítálì, tí ó ti Èkó wá sí Ewékorò ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ní oṣù Kẹta, ìròyìn tàn pé chloroquine ń wò ó. Àwọn ènìyàn rọ́ lọ rà á ní Èkó, owó rẹ̀ sì fò sókè. Ìwádìí fi hàn lẹ́yìn náà pé kò wò ó. Dexamethasone, oògùn àtijọ́ tí kò wọ́n, ni a rí ní oṣù Kẹfà pé ó ń gba ẹ̀mí àwọn tí àrùn náà mú dé ojú à-ń-fún-un-ní-afẹ́fẹ́ là.

Kí ni àtúnṣe? Èkínní ni àjùmọ̀rà. Ní ọdún 1987, àwọn mínísítà ìlera ilẹ̀ Áfíríkà fẹnu kò ní Bàmákò pé kí ìlú ra oògùn púpọ̀ pọ̀, kí a tà á ní èrè díẹ̀, kí a sì fi owó náà ra òmíràn. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní kọ́bọ̀ kò lè ra èyí tí kò wọ́n pàápàá.

Nítorí náà ni èkejì fi wà: kí a dá owó jọ kí àìsàn tó dé, bí ẹni dá èésú. Òfin adójútòfò ìlera ti ọdún 2022 la àpò kan sílẹ̀ fún àwọn aláìní, àgbà sì wà nínú wọn. Ẹ̀kẹta, kí ìjọba ru ẹrù àjàkálẹ̀ fúnra rẹ̀, bí a ti fún ni ní abẹ́rẹ́ àjẹsára Kòrónà lọ́fẹ̀ẹ́ ní ọdún 2021.

Àwa Ìjẹ̀bú mọ bí a ti ń dáwó. Àwọn Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ a máa dá owó aṣọ Ojúde Ọba. Bí wọ́n bá yọ díẹ̀ sápá kan fún oògùn àwọn àgbà, ìyá wa kò ní dá oògùn rẹ̀ sí méjì mọ́.