Ibi tí Ẹ̀yà Ọkọ̀ Wà àti Ohun tí Onímọ́tò Lè Fọwọ́ Ara Rẹ̀ Ṣe

Ìlú Jos fi nǹkan bí 1,200 mítà ga ju ojú òkun lọ. Nítorí gíga yìí, omi tí ó ń hó ní ìwọ̀n 100 Celsius ní Èkó a máa hó ní nǹkan bí 96 ní Jos. Ọkọ̀ tí rẹdíétọ̀ rẹ̀ ń jò, tí ó sì gba ọ̀nà Akwanga gun òkè Hawan Kibo, lè gbóná kọjá àlà kí ó tó wọ ìlú. Ohun tí ọ̀pọ̀ awakọ̀ kọ́kọ́ ń ṣe ni pé kí wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n sì fi àkísà yí ìdérí rẹdíétọ̀. Ibẹ̀ ni ewu wà. Ìdérí yìí ni ó ká omi gbígbóná mọ́. Bí ó bá ṣí, omi náà yóò hó lẹ́ẹ̀kan náà, yóò sì tú sí ojú àti àyà ẹni tó ṣí i. Kí awakọ̀ pa ẹ́ńjìnì, kí ó sì dúró títí ọkọ̀ yóò fi tutù pátápátá, bí ó tilẹ̀ gba wákàtí kan.

Ipò ẹ̀yà kò dọ́gba láti ọkọ̀ sí ọkọ̀. Ẹ́ńjìnì Peugeot 504, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kaduna ní 1975, na gbọọrọ láti iwájú sẹ́yìn. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní, ìbú ni ẹ́ńjìnì wà. Ìwé ìtọ́sọ́nà ọkọ̀ ni ó tọ́ka sí ibi gbogbo, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ tòkúnbọ̀ kì í bá tirẹ̀ wọlé. Kí onímọ́tò jẹ́ kí mẹkáníìkì fi ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan hàn án nígbà tí ara ọkọ̀ ṣì le.

Epo bírékì sábà máa ń wà nínú ike kékeré lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ní ọ̀gangan ibi tí awakọ̀ jókòó. Bí ó bá ń dínkù, páàdì lè ti jẹ, tàbí kí ibì kan máa jò. Ẹni tí ó kàn bu òmíràn kún un, tí ó sì sọ̀kalẹ̀ Hawan Kibo, ń fi ẹ̀mí èrò ta tẹ́tẹ́. Iṣẹ́ mẹkáníìkì nìyẹn.

Pípààrọ̀ táyà ni onímọ́tò lè ṣe fúnra rẹ̀, lórí ilẹ̀ títẹ́jú. Kí ó kọ́kọ́ gbé àmì onígun mẹ́ta tí Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó fi dandan lé sẹ́yìn ọkọ̀. Abẹ́ etí ọkọ̀, níbi tí irin ti le, ni jáàkì ń gbé. Kí ẹnikẹ́ni má sì wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé dúró. Bí iṣẹ́ bá parí, kí òkúta tí ó fi dí táyà kúrò lójú títì kí ó tó wọkọ̀, nítorí ẹni tí ń bọ̀ lóru kò ní rí i.