Màmá, Ta Ló Ń Bá Yín Gé Fáìlì Yín?

Ìyá aláṣọ kan ní Gbági, n'Íbàdàn, fẹ́ yá owó kún ọjà. Ló bá kó ìwé 14 lọ sí bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà. Ọmọkùnrin tó wà níbẹ̀ sikáànù gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú fáìlì kan ṣoṣo: NIN, BVN, ìwé ilé, ìwé báńkì, títí kan ìwé ẹ̀rí ọmọ. Àwọn tó fẹ́ yá a lówó ní kí ló kan àwọn pẹ̀lú ìwé ilé? Ìwé NIN àti rìsíìtì ṣọ́ọ̀bù làwọn ń fẹ́, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì wà nínú fáìlì tirẹ̀.

"Mọ́mì, ẹ fọkàn balẹ̀. Mo máa gé e fún yín báyìí."

Ó ṣí ibì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ju fáìlì sí i, ó tẹ ojú ìwé 3 àti 9. Kíá, ó ti parí. Màmá sanwó, ó ṣàdúrà fún un, ó lọ.

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ níbo ni ojú ìwé 12 tó kù wà?

PDF ni wọ́n ń pe irú fáìlì yìí. Ilé iṣẹ́ Adobe l'Amẹ́ríkà ló gbé e jáde lọ́dún 1993. Ó dà bí ìwé tí wọ́n fi píìnì kàn pọ̀. Títú u ò le rárá. Ibi tí wọ́n ti ń tú u lọ̀rọ̀ wà. Àwọn kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì á kọ́kọ́ kó odidi fáìlì yín lọ sínú kọ̀ǹpútà tiwọn, ó sì lè jẹ́ ìlú òkèèrè. Àfi bíi kéèyàn gbé odidi ìgàn aṣọ fún télọ̀ tí kò mọ̀ rí, nítorí ọ̀pá méjì! Púpọ̀ nínú wọn ní àwọn ń pa á rẹ́ lẹ́yìn wákàtí díẹ̀. Ta ló lọ wò ó? Àwọn mìíràn ò kó nǹkan kan lọ. Inú fóònù tàbí kọ̀ǹpútà tó wà níwájú yín ni wọ́n ti ń gé e.

Ẹ lè dán wọn wò. Bí ojú ibẹ̀ bá ti ṣí tán, ẹ pa dátà, kí ẹ tó fi fáìlì sí i. Bó bá gé e láìsí dátà, ọ̀dọ̀ yín ló ti gé e. Ẹ ti ibẹ̀ pa kí ẹ tó tan dátà padà. Bó bá takú, ẹ wá òmíràn.

Kì í ṣe ojo ló ń ṣe wá o. Ní oṣù Kẹta 2025, ẹ̀ka FBI tó wà ní Denver, l'Amẹ́ríkà, figbe ta pé àwọn ọ̀daràn ń fi irú irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ tó ń yí fáìlì padà ju kòkòrò sínú kọ̀ǹpútà, wọ́n sì ń ṣa nọ́ńbà báńkì àti páswọ́ọ̀dù nínú fáìlì táwọn èèyàn kó fún wọn.

Bẹ́ẹ̀ ọ̀nà tó rọrùn wà lórí kọ̀ǹpútà. Ẹ ní kí ọmọ yẹn fi Chrome ṣí PDF náà, kó ṣe bí ẹni fẹ́ tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, kó mú "Save as PDF", kó kọ nọ́ńbà ojú ìwé tí ẹ fẹ́, kó tọ́jú u. Kó tún un ṣe fún ìkejì. Fáìlì ò ní ẹsẹ̀ rìn jáde níbẹ̀.

Ọmọ màmá Gbági ló sọ èyí fún un, ló bá padà síbẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Fáìlì rẹ̀ ṣì wà nínú Downloads, láàárín ìwé WAEC ẹnìkan àti ìwé ìgbéyàwó ẹlòmíì. Wọ́n pa á rẹ́ lójú rẹ̀. Ó wá bi ọmọkùnrin náà pé orí ibo ló ti gé e lánàá.

"Mọ́mì, mi ò rántí mọ́."