Kí Ló Ń Tẹ̀lé Fèrè Ọdẹ?

Bí àgbà bá fẹ́ kìlọ̀ fún ọmọ tó di etí, òwe tó máa ń wá sí i lẹ́nu ni pé ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ajá ni òwe náà dá lẹ́bi. Kò sẹ́ni tó bi ọdẹ léèrè pé, látẹ̀yìnwá, kí ló ti ń tẹ̀lé fèrè náà: ṣé ẹran ni, àbí ẹgba? Inú ìbéèrè yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ ìkọ́ni ajá wà. Ní Ìsarà àti káàkiri ilẹ̀ Rẹ́mọ, láti Òde títí dé Ìkẹ́nnẹ́ àti Ṣágámù, ajá ti kúrò ní ohun tí ọdẹ àti àgbẹ̀ nìkan ń sìn. Ilé tuntun ń yọ lápá ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, onílé sì ń wá ajá tí yóò máa ṣọ́ ọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní ọdẹ kankan nítòsí tí yóò fi bí a ti ń bá ajá lò hàn wọ́n. Ṣéènì, pàṣán àti ohùn líle ló wà lọ́wọ́ wọn. Kò ní pẹ́ tí wọ́n á fi máa sọ pé ajá àwọn kò gbọ́n. Èrò tèmi ni pé ajá náà gbọ́n, ó sì ti kẹ́kọ̀ọ́ yanjú. Ẹ̀kọ́ tí olówó rẹ̀ kò mọ̀ pé òun ń kọ́ ọ ló kọ́.

Ọ̀nà méjì ni ajá ń gbà kọ́ nǹkan. Ivan Pavlov, ará Rọ́ṣíà tó gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1904 nítorí iṣẹ́ rẹ̀ lórí bí oúnjẹ ṣe ń dà nínú ara, ló ṣàlàyé èkíní fún aráyé. Ó ṣàkíyèsí pé itọ́ àwọn ajá rẹ̀ ti máa ń dà kí oúnjẹ tó kan ẹnu wọn, bí wọ́n bá ṣáà ti gbọ́ ìró tó máa ń ṣáájú oúnjẹ. Ajá kò jókòó rò ó pé òun fẹ́ da itọ́. Ara rẹ̀ ló ti so nǹkan méjì pọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ajá ilé ṣe ń mọ ìró ọkọ̀ baálé yàtọ̀ sí ti àlejò, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ìṣísẹ̀ ẹni tó máa ń nà án ṣe ń mú kó ki ìrù bọ itan kí onítọ̀hún tó yọjú. Ọ̀nà kejì ni Edward Thorndike, ará Amẹ́ríkà, kọ nípa rẹ̀ lọ́dún 1898. Ó ń ti ológbò àti ajá mọ́ inú àpótí tó ní ìlẹ̀kùn, ó sì ń gbé oúnjẹ síta. Ẹranko náà á ta, á ha, á ké, títí yóò fi ṣèèṣì tẹ ohun tó ń ṣí ìlẹ̀kùn. Nígbà tí wọ́n bá tún tì í mọ́bẹ̀, kì í pẹ́ tó ti àkọ́kọ́ mọ́. Ohun tó mú oúnjẹ wá ló ń pọ̀ sí i. Ohun tí kò mú nǹkan kan wá ń kú díẹ̀díẹ̀. Àwọn tó tẹ̀lé e, bíi B. F. Skinner tí ìwé rẹ̀ jáde lọ́dún 1938, fi kún un pé àkókò ṣe pàtàkì púpọ̀. Ohun tó bá tẹ̀lé ìwà kan lójú ẹsẹ̀ ni ẹranko ń so mọ́ ìwà náà. Bí ó bá ti pẹ́ díẹ̀, nǹkan mìíràn ti wọ àárín wọn.

Ẹ wá wo bí èyí ṣe ń ṣẹlẹ̀ nínú àgbàlá wa. Ajá já okùn, ó sá jáde lọ lé adìẹ aládùúgbò. Olówó rẹ̀ dúró lẹ́nu géètì, ó ń pariwo orúkọ rẹ̀: “Bingo! Bingo!” Bingo fi adìẹ sílẹ̀, ó sáré bọ̀. Bó ti dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá rẹ̀, pàṣán bà á. Lójú olówó ajá, ó ti nà án nítorí adìẹ. Lójú ajá ńkọ́? Lílé adìẹ mú ìdùnnú wá, kò sì sí ìyà kankan nídìí rẹ̀. Gbígbọ́ orúkọ àti sísáré wá sọ́dọ̀ ọ̀gá ló bí ẹgba. Bí irú èyí bá wáyé lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ má ṣe retí pé Bingo yóò tún dáhùn mọ́. Ajá yìí gan-an ni òwe wa ń bú.

Ẹnìkan lè sọ pé ajá mọ ohun tó ṣe, pé ẹ ò rí bó ṣe ń wólẹ̀, tó ń gbójú sá, tí ìrù rẹ̀ ti wọ abẹ́? Ó jọ ojú ẹlẹ́bi lóòótọ́. Àmọ́ lọ́dún 2009, Alexandra Horowitz, obìnrin onímọ̀ ìwà ajá ní Amẹ́ríkà, gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò pẹ̀lú ajá 14. Olówó ajá á kìlọ̀ pé kí ajá má fọwọ́ kan oúnjẹ kan, á sì jáde. Nígbà tó bá padà, wọ́n á sọ fún un pé ajá ti jẹ ẹ́ tàbí kò jẹ ẹ́, ìgbà mìíràn sì wà tí ohun tí wọ́n sọ kì í ṣe òótọ́. “Ojú ẹlẹ́bi” náà kò tẹ̀lé ẹ̀ṣẹ̀ rárá. Ìbáwí ló tẹ̀lé. Ajá tí kò ṣe nǹkan kan, tí olówó rẹ̀ sì jágbe mọ́, wólẹ̀ bí ẹlẹ́ṣẹ̀. Ojú wa ni ajá ń kà, kì í ṣe ìwé ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀. Nítorí náà, ẹgba ìrọ̀lẹ́ fún ẹran tí ajá jí jẹ láàárọ̀ kì í kọ́ ajá ní nǹkan kan, àfi pé ìrọ̀lẹ́ léwu.

Kò yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí ṣàjèjì sí Yorùbá. Ọdẹ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í fi ọmọ ajá nìkan wọ igbó. Àgbà ajá ló máa ń fi í tẹ̀ lé, kó lè fojú rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ó so ṣaworo mọ́ ọn lọ́rùn kí òun lè mọ ibi tó wà. Bí wọ́n bá sì rí ẹran pa, ajá ní ìpín tirẹ̀ níbẹ̀, nígbà tí ẹ̀jẹ̀ kò tíì gbẹ. Ìpín yẹn kì í ṣe àánú. Owó iṣẹ́ ni, ó sì dé lákòókò. Àwọn tó pa ìtàn ọdẹ tó wà lórí igi nínú ewu, tó ń pe àwọn ajá rẹ̀ mẹ́ta lórúkọ títí wọ́n fi já okùn nílé wá gbà á, mọ̀ pé ajá kì í ti ọ̀nà jíjìn sáré wá bá ẹni tí ìpè rẹ̀ ń bí ìyà.

Ẹ̀rí kan tún wà tí inú ọdẹ ilẹ̀ wa yóò dùn sí tàbí tí yóò yà á lẹ́nu. Ní Morogoro, ní orílẹ̀-èdè Tanzania, àjọ kan tó ń jẹ́ APOPO ń kọ́ eku ńlá tó jẹ́ ìbátan òkété tiwa láti fi imú wá bọ́ǹbù tí ogun fi sílẹ̀ sábẹ́ ilẹ̀. Bí eku bá rí òórùn náà, ìró kékeré kan á dún, ó sì mọ̀ pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí ẹ̀pà ń bọ̀. Ọ̀kan nínú wọn, Magawa, rí bọ́ǹbù abẹ́ ilẹ̀ 71 ní Cambodia kó tó fẹ̀yìn tì lọ́dún 2021, àjọ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì fún un ní àmì ẹ̀yẹ wúrà lọ́dún 2020. Òkété tí àwa ń fi ajá lé wọ ihò! Kò sí pàṣán tó lè kó irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sí eku lórí. Bí ẹ̀pà bá lè kọ́ òkété, ajá tó ti ń bá ènìyàn gbé láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún kò ní ṣòro.

Àtakò tó lágbára jù ni pé nínà ń ṣiṣẹ́. Mi ò ní jiyàn pé kì í ṣiṣẹ́. Ajá ń gbó, wọ́n jù ú lókùúta, ó dákẹ́. Àmọ́ ẹ wo ẹni tó kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀: ẹni tó ju òkúta ni. Ó ju òkúta, ariwo dáwọ́ dúró lójú ẹsẹ̀, èrè tirẹ̀ dé lákòókò, ó sì di àṣà sí i lọ́wọ́. Ìdí tí pàṣán fi pẹ́ lọ́wọ́ wa nìyẹn. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ajá yàtọ̀. Lọ́dún 2020, àwọn olùwádìí ní Portugal tẹ̀ síta ohun tí wọ́n rí lára ajá 92 láti ilé ẹ̀kọ́ ajá tó ń fi èrè kọ́ni àti èyí tó ń fi ìyà kọ́ni. Àwọn ajá ìyà ń yán, wọ́n ń lá ètè, ara wọn le. Itọ́ wọn pàápàá fi hàn pé èròjà tí ara ń tú jáde nígbà ìpayà pọ̀ sí i lẹ́yìn ẹ̀kọ́. Ṣáájú ìyẹn, lọ́dún 1967, Martin Seligman àti Steven Maier fi iná mọ̀nàmọ́ná gbọn àwọn ajá tí kò ní ọ̀nà àbáyọ. Nígbà tí wọ́n wá gbé wọn sí ibi tí fífò kékeré lè gbà wọ́n, ọ̀pọ̀ nínú wọn dùbúlẹ̀, wọ́n sì ń jìyà. Iṣẹ́ ìkà ni ìwádìí náà, mo sì gbà pé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tún un ṣe. Síbẹ̀ ó jẹ́ ká mọ̀ pé ajá tó dákẹ́ jẹ́ẹ́ lábẹ́ pàṣán lè jẹ́ ajá tó ti sọ̀rètí nù, tí a sì ń pè é ní ajá tó gbọ́ràn.

“Ajá tèmi, olè ni mo fi ń dẹ́rù bà, mi ò fẹ́ kó ṣe pẹ̀lẹ́.” Èyí ni ọ̀rọ̀ onílé, ó sì yẹ kí a dá a lóhùn dáadáa, nítorí ẹ̀rù tó ń bà á kì í ṣe irọ́. Ìdí yìí ni àwọn kan ṣe ń fi ata tàbí ẹ̀tù ìbọn sínú oúnjẹ ajá, tí wọ́n sì ń dè é mọ́lẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́. Ikùn ni ata ń jó. Kò kọ́ ajá bó ṣe máa mọ olè yàtọ̀ sí ọmọ iléèwé. Ajá tí ẹ̀rù sọ di òǹrorò máa ń bu ẹni tó bá sún mọ́ ọn jẹ ni, ẹni tó sì máa ń sún mọ́ ọn jù ni ọmọ inú ilé. Èyí tó tún burú ni pé bí a bá ń nà án nítorí pé ó kùn, yóò fi kíkùn sílẹ̀. Kíkùn ni ìkìlọ̀ tí ajá ní. Ẹni tó bá gba ìkìlọ̀ lẹ́nu rẹ̀ ti sọ ọ́ di ajá tí ń gé ni jẹ láìsọ tẹ́lẹ̀. Àrùn dìgbòlugi ń pa nǹkan bí 59,000 ènìyàn lọ́dún lágbàáyé, púpọ̀ jù lọ ní Áfíríkà àti Éṣíà, ẹnu ajá sì ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo rẹ̀ ti ń wá. Ẹni tí ajá bá bù jẹ gbọ́dọ̀ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ fún ìṣẹ́jú 15, kó sì dé ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ajá fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa gba abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ́dọ̀ dókítà ẹranko.

Ajá tó ń ṣọ́lé dáadáa kì í ṣe ajá tí ẹ̀rù ń bà. Àwọn ajá tí ń fi imú wá oògùn olóró ní pápákọ̀ òfurufú, eré bọ́ọ̀lù ni owó iṣẹ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ìpìlẹ̀ ajá ilé tó ṣeé fọkàn tán sì ti wà láti ọ̀sẹ̀ kẹta sí nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá tí wọ́n bí i. Àsìkò yẹn ló yẹ kó ti rí àgbà àti ọmọdé, ọ̀kadà, ewúrẹ́, egúngún pàápàá, kó sì jẹ́ pé ohun dídùn ló ń bá wọn rìn. Ajá tó mọ ohun tó wọ́pọ̀ ni yóò mọ ohun tó ṣàjèjì, tí yóò sì gbó fún un.

Ọ̀rọ̀ owó kù. Wọ́n á ní ẹran wọ́n, àti pé ajá ìbílẹ̀ kò lè kọ́ ohun tí ajá òyìnbó ń kọ́. Ajá ìbílẹ̀ tó ń dá sọdá títì, tó mọ ọjọ́ ọjà, tó sì mọ ìyá tó máa ń ju eegun sílẹ̀, ó ti fi hàn pé òun lè kọ́ nǹkan; òun nìkan ló ń kọ́ ara rẹ̀ ni. Ní ti ẹran, ó di dandan kí a bọ́ ajá lójúmọ́. Ẹ yọ ìdá díẹ̀ nínú oúnjẹ náà, òkèlè ẹ̀bà tó ní òórùn ẹja gbígbẹ tó kéré bí èékánná, kó di owó iṣẹ́. Kò sì ní jẹ́ títí láé. Skinner àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ rí i pé bí ẹranko bá ti mọ iṣẹ́ tán, èrè tó ń wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láìmọ ìgbà tí yóò dé máa ń mú kó tẹra mọ́ ọn ju èrè ìgbà gbogbo lọ. Gbogbo ẹni tó ń ta tẹ́tẹ́ ló lè jẹ́rìí sí i.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká padà sídìí fèrè. Ẹ mú ìró kan tí ẹ kò tíì fi bú ajá yín rí, fèrè tàbí súfèé. Nínú yàrá, níbi tí kò sí ohun tó ń fa ojú rẹ̀, ẹ fọn ọ́n lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì fún un ní ẹja lójú ẹsẹ̀, bí ó tilẹ̀ dúró lẹ́bàá ẹsẹ̀ yín. Lẹ́yìn ọjọ́ bíi mélòó kan, ẹ fọn ọ́n láti yàrá kejì. Lẹ́yìn náà, láti ẹ̀yìnkùlé. Lẹ́yìn náà, nínú oko pẹ̀lú okùn gígùn lọ́rùn rẹ̀. Bí kò bá dáhùn, ẹ ti yá ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ padà sẹ́yìn díẹ̀. Ẹ má ṣe fi fèrè náà pè é wá síbi ìwẹ̀ tàbí abẹ́rẹ́. Ẹ lọ mú un fúnra yín. Bó ti wù kó pẹ́ kó tó dé, bó ti wù kí inú yín máa ru, ẹ má nà án nígbà tó bá dé. Lọ́jọ́ tí ewúrẹ́ aládùúgbò bá sì sá kọjá, tí ajá náà gbéra, tó gbọ́ fèrè, tó dúró, tó wo ewúrẹ́, tó sì yí padà sáré bọ̀ wá sọ́dọ̀ yín, gbogbo ẹja tó wà lọ́wọ́ yín ló tọ́ sí i.