KÍ KÁMẸ́RÀ TÓ BÁ YÍN RÌNRÌN-ÀJÒ

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, pàápàá jù lọ ẹ̀yin ìyá tí ẹ máa ń di ẹrù nígbà tí ìrìn-àjò bá dé, ẹ fara balẹ̀ ka ọ̀rọ̀ yìí. Bí a bá ń múra ọ̀nà jíjìn, a máa ń ka aṣọ, a máa ń yẹ ìwé ìrìnnà wò, a máa ń di elùbọ́ àti ata gígún sínú àpò. Ohun kan wà tí a sábà máa ń sọ sínú ẹrù láìbi í léèrè ọ̀rọ̀ kan. Ohun náà ni kámẹ́rà.

Láyé òde òní, fóònù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń ya àwòrán. Síbẹ̀, kámẹ́rà onífíìmù kò tí ì kú. Àwọn ọ̀dọ́ ń yọ kámẹ́rà bàbá wọn jáde láti inú àpótí, àti pé ní ọdún 2024, wọ́n tún gbé kámẹ́rà onífíìmù tuntun kan jáde tí a ń pè ní Pentax 17. Bí irú rẹ̀ bá wà nínú ilé yín, tí ẹ sì fẹ́ gbé e lọ, ẹ rántí pé fóònù a máa fi àwòrán hàn lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n kámẹ́rà onífíìmù kì í sọ tinú rẹ̀. Ó lè ti bàjẹ́ tipẹ́, kí ó sì máa dún lọ́wọ́ yín bí ẹni pé ara rẹ̀ le. Ọjọ́ tí ẹ bá padà délé, tí wọ́n fọ fíìmù, ni ẹ óò tó mọ̀ pé ẹ kò mú ohunkóhun bọ̀.

Ẹ wo ìyá kan tí ọmọ rẹ̀ bímọ sí Lọ́ńdọ̀nù, tí ó ń lọ bá a wẹ ọmọ fún oṣù mẹ́ta. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Ọjọ́ tí ìyá àgbà kọ́kọ́ gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ lé ọwọ́, kò tún sí irú rẹ̀ mọ́. Bí ó bá sì jẹ́ pé bàbá tí ó ti di ẹni ọgọ́rin ọdún ni ẹ ń lọ kí, ta ni ó mọ̀ bóyá a ó tún rí ìdí láti ya òmíràn? Fíìmù tí ó bàjẹ́, a rí òmíràn rà. Ojú ènìyàn tí kò sí nínú àwòrán, kò sí ọjà tí a ti ń tà á.

Àwọn àgbà ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Nítorí náà, kí ọjọ́ ìrìn-àjò tó ku oṣù kan, ẹ yẹ kámẹ́rà yín wò nílé.

ÌDÁNWÒ KÌÍNÍ: LÁÌSÍ FÍÌMÙ

Nígbà tí kò bá sí fíìmù nínú rẹ̀, ẹ ṣí ẹ̀yìn kámẹ́rà, kí ẹ kọjú rẹ̀ sí fèrèsé. Ẹ tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tí ń ya àwòrán, kí ẹ máa wò ó láti ẹ̀yìn. Ẹ óò rí ìlẹ̀kùn kékeré kan tí ó ń ṣí, tí ó sì ń padé. Ìyẹn ni àwọn ayàwòrán ń pè ní ṣọ́tà. Bí ẹ bá yí i sí ìṣẹ́jú-àáyá 1, ó yẹ kí ó ṣí fún ìwọ̀n bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá yí i sí 1/60 tàbí 1/500, ó yẹ kí ẹ rí ìmọ́lẹ̀ tí ó kọ mànà. Bí ẹ kò bá rí ìmọ́lẹ̀ rárá, tàbí tí ó ṣí tí kò padé, ẹ gbé e lọ fún ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà. Ẹ má fi abẹ́rẹ́ tọ́ ọ, ẹ má sì kán òróró sí i, nítorí pé òróró yóò ṣàn dé ara ṣọ́tà, yóò sì mú un lẹ̀ pọ̀.

Ẹ fi ìka kan fóòmù dúdú tí ó wà ní etí ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn. Bí ó bá lẹ̀ mọ́ ọwọ́ bí ọ̀dà, ó ti jẹrà, ìmọ́lẹ̀ yóò sì máa yọ́ gba ibẹ̀ wọlé bí olè. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ilé bátìrì. Lọ́pọ̀ ìgbà tí a bá ní kámẹ́rà ti kú, bátìrì ni ó kú. Bí ẹ bá rí nǹkan funfun bí iyọ̀ níbẹ̀, ẹ fi fínígà díẹ̀ rẹ òwú, kí ẹ fi nù ún, kí ẹ sì jẹ́ kí ó gbẹ dáadáa kí ẹ tó fi bátìrì tuntun sí i.

ÌDÁNWÒ KEJÌ: FÍÌMÙ KAN

Ẹ ra fíìmù kan, kí ẹ sì yà á tán. Ẹ ya díẹ̀ nínú oòrùn àgbàlá, díẹ̀ nínú pálọ̀, díẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Bí ẹ bá ń wọ́ fíìmù, ẹ máa wo bọ́tìnì róbótó tí ó wà lókè lápá òsì, èyí tí a fi ń ká fíìmù padà. Bí ó bá ń yí bí ẹ ti ń wọ́ ọ, fíìmù ń lọ. Bí kò bá yí rárá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, fíìmù kò mú. Ẹ lè tẹ̀ ẹ́ nígbà 36, kí ọ̀kan má dé ara rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó fọ̀ ọ́, ẹ gba nẹ́gátíìfù pẹ̀lú, nítorí pé ara rẹ̀ ni a ti ń mọ àìsàn. Bí kò bá sí àwòrán kankan lára rẹ̀, ṣùgbọ́n tí nọ́ńbà àti orúkọ fíìmù hàn ní etí rẹ̀, ẹni tí ó fọ̀ ọ́ kò jẹ̀bi. Fíìmù kò lọ ni, tàbí ṣọ́tà kò ṣí. Bí nọ́ńbà etí náà kò bá hàn rárá, ọ̀dọ̀ ẹni tí ó fọ̀ ọ́ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè. Bí ìlà dúdú bá ń wà ní ojú kan náà lára àwòrán púpọ̀, fóòmù ni. Bí àwòrán kan bá gun orí èkejì, ẹ̀rọ tí ń wọ́ fíìmù ni. Bí apá kan àwòrán bá sì ṣófo nígbà gbogbo, ṣọ́tà kò ṣí tán. Ẹ mú nẹ́gátíìfù náà dání lọ bá alátùn-únṣe. Yóò dín àríyànjiyàn kù.

BÍ ỌJỌ́ BÁ TI SÚNMỌ́

Kámẹ́rà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe, ẹ tún fi fíìmù mìíràn dán an wò kí ẹ tó gbé e lọ. Bí kò bá sí àyè fún èyí mọ́, ẹ mọ àléébù tí a lè gbé rìn yàtọ̀ sí èyí tí a kò lè gbé rìn. Nínú Pentax K1000 ti ọdún 1976 àti Nikon FM ti ọdún 1977, ẹ̀rọ tí ń wọn ìmọ́lẹ̀ nìkan ni ó ń lo bátìrì. Bí bátìrì bá kú, ẹ ṣì lè ya àwòrán. Ní ti Canon AE-1 ti ọdún 1976, bí kò bá sí bátìrì, kò sí àwòrán. Ẹ mú méjì dání.

Bí ẹ̀rọ tí ń wọn ìmọ́lẹ̀ bá kọ̀, ẹ há òfin yìí sórí: nínú oòrùn gangan, ẹ yí ojú lẹ́ǹsì sí 16, kí ẹ sì yí ṣọ́tà sí èyí tí ó súnmọ́ nọ́ńbà fíìmù yín. Fíìmù 100, ẹ lo 1/125; fíìmù 400, ẹ lo 1/500. Bí ojú ọ̀run bá ṣú, ẹ ṣí lẹ́ǹsì sí 8. Fóòmù tí ó jẹrà, ẹ fi tépù dúdú dí etí ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi fíìmù sí i. Ṣùgbọ́n bí ṣọ́tà ni kò ṣiṣẹ́, ẹ fi kámẹ́rà náà sílẹ̀ nílé, kí ẹ yá òmíràn.

Ó tilẹ̀ dára kí a ní kámẹ́rà kékeré kejì dání. Ẹ gbọ́ ìtàn ẹnì kan tí ìrìn-àjò rẹ̀ le ju tiwa lọ. Ní ọdún 1914, ayàwòrán ará Ọsirélíà kan, Frank Hurley, bá Ernest Shackleton lọ sí ilẹ̀ yìnyín ìhà gúúsù ayé nínú ọkọ̀ Endurance. Yìnyín há ọkọ̀ náà mọ́, ó fọ́ ọ, ó sì rì ní oṣù kọkànlá ọdún 1915. Wọ́n ní kí olúkúlùkù dín ẹrù rẹ̀ kù. Hurley kó bí 120 pamọ́ nínú àwòrán orí gíláàsì rẹ̀, ó fọ́ bí 400, ó sì fi àwọn kámẹ́rà ńlá sílẹ̀. Kodak kékeré kan tí ń wọ àpò aṣọ, àti fíìmù 3, ni ó mú dání. Òun ni ó fi ya àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní erékùṣù tí wọ́n sá sí, títí ọkọ̀ fi wá gbé wọn ní ọjọ́ 30 oṣù kẹjọ ọdún 1916.

LÓJÚ Ọ̀NÀ

Bí apá tí ẹ fi ń wọ́ fíìmù bá le gan-an, ẹ má fi agbára mú un. Ẹ wo iye tí ẹ ti yà. Ó lè jẹ́ pé fíìmù ti tán ni. Ẹ tẹ bọ́tìnì kékeré tí ó wà nísàlẹ̀, kí ẹ sì ká fíìmù padà. Ẹ má ṣí ẹ̀yìn kámẹ́rà nínú ìmọ́lẹ̀ láé kí ẹ tó ká a padà tán.

Ní pápákọ̀ òfuurufú, ẹ má fi fíìmù sínú ẹrù tí ẹ óò fà lé wọn lọ́wọ́, nítorí pé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo inú irú ẹrù bẹ́ẹ̀ lè bà á jẹ́. Inú àpò ọwọ́ ni kí ó wà, kí ẹ sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ bẹ òṣìṣẹ́ kí ó fi ọwọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ má fi í sílẹ̀ nínú mọ́tò lójú oòrùn. Bí ó bá sì jẹ́ Mẹ́kà ni ẹ ń lọ, ẹ béèrè lọ́wọ́ aṣáájú yín ibi tí a gbà kí á ya àwòrán. Ìjọsìn ni ẹ bá lọ, kámẹ́rà kò gbọdọ̀ dí i lọ́wọ́.

Lálẹ́ òní, ẹ sọ kámẹ́rà náà kalẹ̀ láti orí àpótí, kí ẹ ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ sì wò ó. Kí Ọlọ́run mú arìnrìn-àjò wa lọ re, kí Ó mú wọn bọ̀ re, kí wọ́n sì rí àwòrán ayọ̀ fi han àwọn ará ilé. Àmín.