Ife Ẹ̀yẹ Láàrin Ìlú Méjì: Leventis United, Abiola Babes àti Àwa Ará Ìbàràpá

Ó lè ya ẹlòmíràn lẹ́nu pé ẹni tí ó ti fi ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n kọ́ni ní oríkì àti ìjálá ni ó dìde lónìí láti sọ̀rọ̀ lórí bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan náà ni mo ń bá kiri nínú iṣẹ́ méjèèjì: kí ni í mú kí orúkọ kan pẹ́ lẹ́nu àwọn ènìyàn, kí òmíràn sì parẹ́ kí àwọn tí ó kọ́kọ́ pè é tó kú?

Bí ènìyàn bá dúró ní Ìgbò-Ọrà, Abẹ́òkúta ni ó wà ní ìhà gúúsù rẹ̀, Ìbàdàn sì wà ní ìlà-oòrùn. Ìhà méjèèjì ni ọjà wa ń lọ, ìhà méjèèjì ni àwọn ọmọ wa ti ń kọ́ṣẹ́. Láti 1984 títí di 1987, ìlú méjèèjì yìí ni wọ́n ń gba ife ẹ̀yẹ tí a ń pè ní Challenge Cup mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Leventis United ti Ìbàdàn gbà á ní 1984. Abiola Babes ti Abẹ́òkúta gbà á ní 1985. Leventis tún gbà á ní 1986, Babes sì tún gbà á ní 1987. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mo jẹ́ nígbà tí eré náà bẹ̀rẹ̀, mo sì rò pé bẹ́ẹ̀ ni ayé yóò ṣe máa rí títí láé.

Orúkọ Leventis kì í ṣe àjèjì lójú ọjà wa. Oníṣòwò ará erékùṣù Cyprus ni A. G. Leventis tí ó dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀. Òun náà ni ó dá Nigerian Bottling Company sílẹ̀ ní 1951, àwọn tí ń rọ Coca-Cola sínú ìgò. Ó kú ní 1978, kí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù náà tó di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Òkìkí wọn ràn bí iná ọyẹ́. Ní 1985, wọ́n dé àṣekágbá ìdíje àwọn agbafe-ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà. Al Ahly ti Íjíbítì na wọ́n ní góòlù méjì sí òdo nílùú Káírò. Leventis na àwọn náà ní góòlù kan sí òdo nígbà tí wọ́n wá sílé wa. Góòlù kan péré ni ó ya wọ́n sí ife náà. Ní 1986 wọ́n gba líìgì Nàìjíríà, wọ́n sì gba Challenge Cup mọ́ ọn. Ní 1987, ilé-iṣẹ́ náà tú ẹgbẹ́ ká.

Mo mọ̀ pé àkókò náà le fún oníṣòwò tí ń kó ọjà wọlé. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 1986 ni owó náírà ti ń já wálẹ̀ lójoojúmọ́. N kò sì lè bá ẹni tí ó ná owó ara rẹ̀ jà pé ó dá a dúró.

Olólùfẹ́ Leventis ni bàbá mi, nítorí Ìbàdàn ni ó ti kọ́ iṣẹ́ tíṣà. Àbúrò ìyá mi, tí ó ń kó èlùbọ́ lọ sí Abẹ́òkúta, kò gbà pé ẹgbẹ́ kan wà lẹ́yìn Babes. Rédíò kan ṣoṣo ni a ní. Bí wọ́n bá ti ń gbọ́ ọ, ìyá mi a kó àwo kúrò nílẹ̀. Ní 1986, odindi ọjọ́ mẹ́ta ni àwọn méjèèjì kò fi kí ara wọn. Nígbà tí ìròyìn dé pé Leventis ti túká, ẹnu ọ̀nà ni bàbá mi jókòó sí. Ohun kan ṣoṣo ni ó sọ: "Ta ni wọ́n bi?" Àbúrò ìyá mi, tí mo rò pé yóò yọ̀, kò yọ̀.

Ti Abẹ́òkúta yàtọ̀ díẹ̀, nítorí ọmọ bíbí ìlú ni olówó rẹ̀. Olóyè M. K. O. Abíọ́lá náwó sí eré ìdárayá débi pé kárí Áfíríkà ni a ti mọ̀ ọ́n mọ́ ọn. Lọ́dọ̀ rẹ̀ ni Rashidi Yekini wà láti 1984 títí di 1987, lẹ́yìn tí ó kúrò ní Shooting Stars. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ó gbá góòlù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà jẹ nínú ìdíje Ife Àgbáyé, ní ọjọ́ 21 oṣù kẹfà 1994, nígbà tí a ń bá Bulgaria ṣeré. Ní oṣù yẹn kan náà ni ìjọba ológun mú Abíọ́lá nítorí ìbò 12 oṣù kẹfà 1993. Inú àtìmọ́lé ni ó kú sí ní 7 oṣù keje 1998. Orúkọ rẹ̀ wà lára pápá ìṣeré Kútọ̀ ní Abẹ́òkúta títí dòní, ṣùgbọ́n kò sí Abiola Babes tí yóò gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀.

Ẹ wá wo Shooting Stars ti Ìbàdàn. WNDC ni wọ́n ń jẹ́ nígbà kan, wọ́n jẹ́ IICC, ọ̀gá ń lọ, ọ̀gá ń bọ̀. Wọ́n gba ife Áfíríkà ní 1976. Wọ́n já kúrò nínú líìgì àgbà ní 2017, wọ́n sì padà ní 2021. Ìjọba ni ó ń sanwó wọn, ìyẹn náà sì ní wàhálà tirẹ̀. Síbẹ̀, ará Ìbàdàn tí kò ní kọ́bọ̀ níbẹ̀ gbà pé tòun ni. Èmi a máa fi èyí wé iṣẹ́ mi. Akéwì tí ó ń gbé ẹnu ọ̀nà ọlọ́lá kan ṣoṣo, ìgbà tí ọlọ́lá náà bá ń náwó ni ohùn rẹ̀ ń ròkè. Oríkì orílẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀: kò sí ẹnì kan tí ó dá a ni, nítorí náà kò sí ẹnì kan tí ó lè tú u ká.

Kí ẹ má bàa rò pé àwa nìkan ni èyí ń ṣe, ẹ jẹ́ kí n mú yín dé Bangor, ìlú kékeré kan ní àríwá ilẹ̀ Wales. Ní 1962, ẹgbẹ́ Bangor City na Napoli ti Ítálì ní góòlù méjì sí òdo nínú ìdíje Yúróòpù. Napoli na àwọn náà ní mẹ́ta sí ẹyọ kan, ó wá di pé kí wọ́n tún un gbá ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí Bangor ti pàdánù ní méjì sí ẹyọ kan. Nígbà tí ó pẹ́, ẹgbẹ́ náà bọ́ sọ́wọ́ àwọn olówó tí inú àwọn olólùfẹ́ kò dùn sí. Ní 2019, àwọn olólùfẹ́ náà dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ ní Bangor 1876, ọdún tí wọ́n dá ti àtijọ́ sílẹ̀. Ní 2022, Bangor City kúrò nínú líìgì. Ẹgbẹ́ àwọn olólùfẹ́ kò bá a lọ.

Ní àìpẹ́ yìí, àwọn ọ̀dọ́ kan láti Ìgbò-Ọrà àti Èrúwà wá bá mi nílé. Wọ́n fẹ́ kí n bá wọn bẹ olówó kan kí ó dá ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù sílẹ̀ ní Ìbàràpá, kí a sì fi orúkọ rẹ̀ pè é. Mo sọ ìtàn bàbá mi fún wọn. Mo ní kí wọ́n gba owó olówó náà bí ó bá fún wọn, ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ mú ìwé kan, kí wọ́n kọ orúkọ gbogbo ẹni tí yóò máa dá owó lóṣooṣù, bí ó ti wù kí ó kéré mọ. Mo kọ tèmi síbẹ̀. Ìwé náà wà lọ́wọ́ akọ̀wé wọn, ó sì wà nínú gbọ̀ngàn yìí ní ìrọ̀lẹ́ òní, ní ìlà ẹ̀yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn.