Wáàtì Mélòó Ló Tó Kọ̀ǹpútà Géèmù?

Páwà páàkì ni àpótí irin kékeré tó wà lẹ́yìn kọ̀ǹpútà orí tábìlì, níbi tí wọ́n ti ń ki wáyà iná bọ̀ ọ́. Iná ilé, tó yẹ kó jẹ́ nǹkan bí 230 fóltì ní Nàìjíríà, ló ń wọ inú rẹ̀; 12 fóltì, 5 fóltì àti 3.3 fóltì tí ara kọ̀ǹpútà lè gbà ló ń ti ibẹ̀ jáde. Wáàtì tí wọ́n kọ sí i lára, ìbáà jẹ́ 450 tàbí 850, ni iná tó pọ̀ jù lọ tó lè fún kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀kan náà. Kì í ṣe iye iná tó ń jẹ lójoojúmọ́. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ ti máa ń rú àwọn tó fẹ́ rà á lójú.

Olóúnjẹ tó ní ìkòkò tó lè ro púpurú fún ogún èèyàn l'Áyèká nílẹ̀ Ìkálẹ̀ kò ní torí ìkòkò náà ro oúnjẹ ogún èèyàn nígbà tó jẹ́ pé èrò méjì péré ló wọlé. Bí páwà páàkì 750 wáàtì ṣe rí nìyẹn. Bí kọ̀ǹpútà bá ń béèrè 100 wáàtì lásìkò tí ẹnì kan ń fi í tẹ lẹ́tà, 100 náà ni yóò fún un. Kò sí páwà páàkì tó ń gbẹ bẹntiróò inú jẹ́ń kìkì nítorí pé nọ́ńbà ara rẹ̀ tóbi.

Ìbẹ̀rù pé páwà páàkì ńlá máa gbẹ epo kò kúkú ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ Ìkálẹ̀. Ilé iṣẹ́ amúnáwá Ọmọ́tọ̀ṣọ́, tó ń fi gáàsì ṣiṣẹ́, wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Òkìtìpupa, ìpele rẹ̀ àkọ́kọ́ nìkan sì tó nǹkan bí 335 mẹ́gáwáàtì. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọdún ni púpọ̀ nínú àwọn ìlú ìhà gúúsù Ìpínlẹ̀ Oǹdó fi wà nínú òkùnkùn. Ó dunni pé ẹni tó ń gbé nítòsí odò ń fi òùngbẹ sùn. Jẹ́ń àti ínfátà làwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ fi ń ta géèmù, àtìgbà tí ìjọba àpapọ̀ sì ti kéde lóṣù Karùn-ún ọdún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, kò sẹ́ni tó ń tan jẹ́ń láìkọ́kọ́ ro iye tó máa ná an.

Láti orí graphics card, ìyẹn káàdì tó ń gbé àwòrán jáde, ni ìṣirò ti ń bẹ̀rẹ̀, torí òun ló ń jẹun jù nínú kọ̀ǹpútà géèmù. Ká mú RTX 3060 ṣe àpẹẹrẹ: 170 wáàtì ni ti rẹ̀. Prósẹ́sọ̀ i5-12400F ń jẹ 65 wáàtì nínú ìwé, àmọ́ nígbà tí iṣẹ́ bá wọ̀ ọ́ lára, ó lè fà tó 117, iye kejì yìí ló sì yẹ ká fi ṣírò. Motherboard, RAM, SSD àti àwọn fáànù kò ju bí 50 lọ lápapọ̀. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 337.

Ẹni tó bá wá torí èyí lọ ra páwà páàkì 350 ti ṣi í rà. Graphics card kì í fa iná lọ́gbọọgba. Ó lè fò sókè lójijì kọjá iye tí wọ́n kọ sí i, fún ìwọ̀n ìdákan lára ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá, kó sì tún wálẹ̀. Bí páwà páàkì kò bá ní àyè fún un, ààbò inú rẹ̀ yóò gé iná. Ojú kọ̀ǹpútà á ṣú pì, bọ́ọ̀lù tó kù díẹ̀ kó wọlé á sì dàwátì. NVIDIA tó ṣe káàdì náà dámọ̀ràn 550 wáàtì fún un, ìmọ̀ràn náà sì dára. RTX 4090, tó ń jẹ 450 wáàtì lóun nìkan, 850 ni wọ́n ní kó lò. Àyè tó ṣẹ́ kù kò ṣòfò: páwà páàkì tí kò sáré dé òpin agbára rẹ̀ kì í gbóná púpọ̀, fáànù rẹ̀ kì í pariwo, ó sì máa ń pẹ́.

Ọ̀rọ̀ tó le jù ni pé kì í ṣe gbogbo nọ́ńbà ló ń sòótọ́. Nínú ọjà, páwà páàkì wà tí wọ́n kọ 500 sí gàdàgbà, tó sì fúyẹ́ lọ́wọ́ bí agolo òfìfo. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, níbi tí wọ́n lẹ bébà kékeré mọ́, ló yẹ kéèyàn kà. Orí ìlà 12 fóltì ni prósẹ́sọ̀ àti graphics card ti ń jẹun. Bí wọ́n bá kọ áńpíà 16 síwájú ìlà náà, 12 lọ́nà 16 jẹ́ 192 wáàtì. Ìyẹn lohun tí géèmù máa rí lò, ohun yòówù kí páálí rẹ̀ máa sọ. Ojúlówó 550 máa ń ní bí áńpíà 45 níbẹ̀, ìyẹn 540 wáàtì. 450 gidi sàn ju 700 ayédèrú lọ fíìfíì, torí ayédèrú lè jóná, kó sì gbé motherboard lọ.

Kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ fi ń bẹ̀rẹ̀, pàápàá Dell OptiPlex tí wọ́n ti lò ní ọ́fíìsì lókè òkun. Páwà páàkì inú àwọn tó ga lóòró nínú wọn sábà máa ń jẹ́ bí 240 sí 290 wáàtì, kì í sì í ní wáyà tó ń lọ sí graphics card. Ihò tí káàdì ń wọ̀ lórí motherboard lè fún un ní 75 wáàtì fúnra rẹ̀. Nítorí náà, GTX 1650 irú èyí tí kò ní ihò wáyà, tó ń jẹ 75, ló bá a mu. Wáyà olójú mẹ́fà ń gbé 75 wáàtì kún un, olójú mẹ́jọ ń gbé 150. Káàdì tó bá béèrè wọn, àfi kí wọ́n wá páwà páàkì míì.

Àwọn ògbólógbòó páwà páàkì kan ní bọ́tìnnì pupa kékeré lẹ́yìn, tí wọ́n kọ 115 àti 230 sí. Bí èyí tó ti Amẹ́ríkà dé bá wà lórí 115, tí wọ́n sì ki í bọ iná Nàìjíríà, yóò bú gbàù lẹ́sẹ̀ kan náà. Kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò.

Ó wá ku ìṣirò jẹ́ń àti ínfátà. Páwà páàkì máa ń sọ díẹ̀ nínú iná tó gbà di ooru. Àmì 80 Plus, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2004, ló ń fi hàn bí ìfiṣòfò náà ṣe mọ; èyí tó jẹ́ Gold ń lo nǹkan bí 90 nínú 100 dáadáa. Kọ̀ǹpútà tó bá ń jẹ 337 yóò fa bí 380 lára ògiri, pẹ̀lú 30 fún ojú rẹ̀, ó jẹ́ 410. Jẹ́ń kékeré táwọn èèyàn ń pè ní "I better pass my neighbour", tí agbára rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 650, lè gbé e, bí wọn kò bá so fìríìjì mọ́ ọn. UPS 650 VA kò lè gbé e, torí VA kì í ṣe wáàtì. Irú UPS bẹ́ẹ̀ kì í sábà kọjá 390 wáàtì.

Bátìrì áńpíà-wákàtí 200 ti 12 fóltì ní 2,400 wáàtì-wákàtí nínú. Bó bá jẹ́ olómi ásíìdì, ìdajì rẹ̀ ló yẹ kí wọ́n lò kó má bàa tètè kú, ínfátà á sì jẹ díẹ̀ níbẹ̀. Bí 1,000 ló kù. Pẹ̀lú 410 wáàtì, wákàtí méjì ààbọ̀ péré ni. Bí wọ́n bá wọ ètò inú géèmù, tí wọ́n ní kó má ju àwòrán 60 lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, graphics card kò ní máa sá eré tí kò pọn dandan. Bí ohun tó ń fà lára ògiri bá ti ibẹ̀ wálẹ̀ sí 250, bátìrì kan náà yóò gbé e fún wákàtí mẹ́rin.