Lẹ́ẹ̀mẹrin ni wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn òwò ní Lomé: báwo la ṣe lè mọ ohun tó mú wá?

Ní ọjọ́ 28 oṣù Kejì ọdún 1975, àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè 46 láti Áfíríkà, erékùṣù Caribbean àti agbègbè Pacific péjọ sí Lomé, olú-ìlú Tógò, wọ́n sì fọwọ́ sí àdéhùn òwò pẹ̀lú orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án tó jẹ́ ẹgbẹ́ ọrọ̀ ajé Yúróòpù nígbà náà. Ọmọ Nàìjíríà kan, Aṣojú Olu Sanu, wà lára àwọn tó ṣe gudugudu méje nínú ìdúnàádúrà náà ní Brussels fún ìhà tiwa. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n fọwọ́ sí i ní ìlú kan náà, ní 1975, 1979, 1984 àti 1989, iye àwọn orílẹ̀-èdè tó wà ní ìhà tiwa sì ń pọ̀ sí i títí ó fi di 68. Bẹ́ẹ̀ ni orúkọ Lomé ṣe wọ inú ìwé ọrọ̀ ajé káàkiri àgbáyé.

Ohun tí àdéhùn náà sọ kò ṣòro láti lóye. Èyí tó pọ̀ jù nínú ọjà tó bá ti ọ̀dọ̀ wa lọ sí Yúróòpù yóò wọlé láìsan owó ibodè, kò sì pọn dandan kí àwa náà ṣí ilẹ̀kùn fún ọjà tiwọn bákan náà. Wọ́n tún ya owó kan sọ́tọ̀ tí wọ́n pè ní STABEX, fún ìgbà tí owó kòkó, kọfí tàbí ẹ̀pà bá já wálẹ̀ lójijì. Ojúrere ni, wọn kò sì fi bò.

Wàyí o, ẹ wo ohun tí ìwé àkọsílẹ̀ fi hàn. Ní 1976, nínú gbogbo ọjà tí Yúróòpù ń rà láti òkèèrè, 6.7% ló ti ọ̀dọ̀ àwọn orílẹ̀-èdè wọ̀nyí wá. Nígbà tó fi máa di 1998, ó ti wálẹ̀ sí nǹkan bí 3%. Ọjà mẹ́wàá péré ló sì kó nǹkan bí 60% nínú gbogbo ohun tí wọ́n ń tà síbẹ̀. Iye yìí ni àwọn aláṣẹ Yúróòpù gbé síwájú nígbà tí wọ́n fẹ́ fi àdéhùn Cotonou rọ́pò ti Lomé ní 2000. Wọ́n ní ojúrere kò ṣiṣẹ́, pé ó yẹ kí tọ̀tún-tòsì jọ ṣí ilẹ̀kùn. Ọ̀pọ̀ èèyàn gba ọ̀rọ̀ náà bẹ́ẹ̀, títí dòní sì ni wọ́n ń tún un sọ. Lójú tèmi, iye yẹn nìkan kò tó láti fi dá ẹjọ́ àdéhùn náà, ó sì yẹ kí ẹnikẹ́ni tó bá ń ka ìròyìn àdéhùn òwò mọ ìdí rẹ̀.

Bí àgbẹ̀ bá da ajílẹ̀ sí oko lọ́dún tí ọ̀dá wà, tí àgbàdo rẹ̀ sì kéré sí ti èṣí, a ò lè tìtorí bẹ́ẹ̀ sọ pé ajílẹ̀ náà kò wúlò. Oko aládùúgbò rẹ̀ tí kò da nǹkan kan sí i la máa wò. Ìbéèrè tó wà nídìí gbogbo wíwọn àdéhùn òwò nìyẹn: ká ní kò sí àdéhùn náà rárá, kí ni ì bá ṣẹlẹ̀? Wàhálà ibẹ̀ ni pé Tógò kan ṣoṣo ló wà láyé. Kò sí Tógò kejì tí kò fọwọ́ sí nǹkan kan ní 1975 tí a lè lọ wò.

Ọ̀pọ̀ nǹkan ló sì ń ṣẹlẹ̀ ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn. Ilé iṣẹ́ ń rú jáde ní Éṣíà. Owó epo rọ̀bì ń lọ sókè, ó ń bọ̀ nílẹ̀. Okùn òwò tó so àwọn orílẹ̀-èdè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira mọ́ Paris àti London sì ń já díẹ̀díẹ̀. Ní 2010, Keith Head, Thierry Mayer àti John Ries gbé ìwádìí kan jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n rí i pé nígbà tó bá fi máa di ogójì ọdún lẹ́yìn òmìnira, òwò láàárín orílẹ̀-èdè kan àti ìlú tó ṣàkóso rẹ̀ tẹ́lẹ̀ á ti dín kù ní nǹkan bí 65%. Bí òwò náà bá máa já wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ lọ́nàkọnà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àdéhùn Lomé ló dí díẹ̀ lára ìjákulẹ̀ náà lọ́wọ́. Iye kan náà tí wọ́n fi bẹnu àtẹ́ lù ú lè jẹ́ ẹ̀rí pé ó ṣe díẹ̀.

Àmọ́ kí á tó máa yìn ín, ẹ jẹ́ ká wo ohun tí Tógò fúnra rẹ̀ ń tà. Fosiféètì ni àkọ́kọ́. Wọ́n ń wà á ní Hahotoé àti Kpogamé, wọ́n á fi rélùwéè gbé e dé Kpémé létí òkun, ní ìlà-oòrùn Lomé, níbi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń kó o. Èkejì ni òwú, lẹ́yìn náà kòkó àti kọfí. Ẹ ṣí ìwé owó ibodè Yúróòpù lónìí, ẹ wo àwọn ọjà wọ̀nyí. Fosiféètì tútù, òdo. Òwú tí a kò tíì ran, òdo. Èso kòkó, òdo. Kọfí tí a kò tíì yan, òdo. Kì í sì í ṣe fún Tógò nìkan. Brazil, Vietnam, ẹnikẹ́ni tó bá gbé e dé èbúté ni. Kí a tó lè sọ pé àdéhùn kan ran ọjà kan lọ́wọ́, àlàfo gbọ́dọ̀ wà láàárín ohun tí ẹni tó ní ojúrere ń san àti ohun tí ẹni tí kò ní in ń san. Kọfí àti kòkó ní àlàfo kékeré nígbà tí àdéhùn náà bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, ó parẹ́.

Ẹ̀wà sóyà fi èyí hàn kedere ju gbogbo rẹ̀ lọ. Láàárín ọdún díẹ̀, Tógò di ọ̀kan lára àwọn tó ń ta ẹ̀wà sóyà tí a kò fi kẹ́míkà gbìn fún Yúróòpù jù lọ. Ó rọrùn fún ẹnikẹ́ni láti sọ pé àǹfààní tí Yúróòpù ń fún àwọn orílẹ̀-èdè tálákà láti 2001, èyí tó jẹ́ kí gbogbo ọjà wọn wọlé lọ́fẹ̀ẹ́ àfi ohun ìjà, ló fà á. Ṣùgbọ́n ẹ̀wà sóyà kì í san owó ibodè ní Yúróòpù, ibikíbi tó wù kó ti wá. Àwọn tó ń wá oúnjẹ tí kò ní kẹ́míkà níbẹ̀ àti àwọn àgbẹ̀ tó gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ló ṣiṣẹ́ náà.

Ibi tí àlàfo ti tóbi, ìtàn yàtọ̀. Mauritius wà nínú àdéhùn Lomé bíi Tógò, ìrèké ló sì ń gbìn. Yúróòpù ṣèlérí láti máa ra ṣúgà rẹ̀ ní iye tí wọ́n ń san fún àwọn àgbẹ̀ tiwọn, èyí tó máa ń di ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta iye tó wà lọ́jà àgbáyé ní ọ̀pọ̀ ọdún. Owó gidi wọ erékùṣù náà, ó sì hàn nígbà tí Yúróòpù gé iye náà kù ní 36% láti 2006, tí wọ́n sì fòpin sí àdéhùn ṣúgà náà ní 2009. Àdéhùn kan náà ni, ìlú kan náà ni wọ́n ti fọwọ́ sí i. Ohun tí oníkálukú ń tà ló pín wọn níyà. Ìdí nìyẹn tí àpapọ̀ iye fún orílẹ̀-èdè 68 kò fi lè sọ ohunkóhun fún wa nípa ẹyọ kan.

Báwo wá ni àwọn onímọ̀ ṣe ń wá Tógò kejì tí kò sí? Ní 1962, Jan Tinbergen, ọmọ Holland tó wá gba ẹ̀bùn Nobel àkọ́kọ́ nínú ìmọ̀ ọrọ̀ ajé ní 1969 pẹ̀lú Ragnar Frisch, dábàá ìṣirò kan tí wọ́n ṣì ń lò. Bí ọrọ̀ ajé orílẹ̀-èdè méjì bá ṣe tóbi tó ni òwò wọn ṣe ń pọ̀ tó. Bí wọ́n bá sì ṣe jìnnà síra tó ni ó ṣe ń dín kù. Lomé fúnra rẹ̀ fara kan Gánà. Ẹni tó bá fẹsẹ̀ rìn láti àárín ìlú á dé ibodè Aflao láìpẹ́. Nítorí náà, ìṣirò náà á sọ pé òwò Tógò àti Gánà gbọ́dọ̀ pọ̀, á sì yọ díẹ̀ kúrò nítorí pé owó CFA ni ìhín ń ná, sídì ni ọ̀hún ń ná, Faransé ni ìjọba ìhín ń sọ, Gẹ̀ẹ́sì ni ti ọ̀hún. Lẹ́yìn tí ó bá ti sọ iye tó yẹ kó wà, a ó wá wò ó bóyá àwọn tó ní àdéhùn ń ṣòwò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìjàǹbá kan wà nínú ìyẹn. Orílẹ̀-èdè kì í ṣẹ́ kèké mú ẹni tí yóò bá ṣàdéhùn. Àwọn ìdí kan wà tí a kò rí nínú ìwé tó ń mú wọn yan ara wọn. Scott Baier àti Jeffrey Bergstrand wá ọ̀nà láti yọ èyí kúrò nínú ìṣirò wọn ní 2007. Ohun tí wọ́n rí ni pé àdéhùn òwò ọ̀fẹ́ máa ń sọ òwò láàárín àwọn méjì tó wọ̀ ọ́ di nǹkan bí ìlọ́po méjì lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, èyí tó ga gan-an ju ohun tí àwọn tó ṣáájú wọn rí lọ.

Síbẹ̀, òwò tó pọ̀ sí i lè jẹ́ òfò. Jacob Viner ló ṣàlàyé èyí ní 1950. Ká ní páálí ọṣẹ kan láti òkèèrè jẹ́ 10,000 CFA ní èbúté Lomé, owó ibodè rẹ̀ sì jẹ́ 20%. Ó di 12,000. Ti orílẹ̀-èdè tí a bá ṣàdéhùn jẹ́ 11,500, kò sì ní san owó ibodè kankan mọ́. Oníṣòwò á sáré ra ti alábàáṣe. Ó jèrè 500, òwò láàárín àwọn alábàáṣe sì ga nínú ìwé, àwọn olóṣèlú á pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n 2,000 tó ń wọ àpò ìjọba ti lọ. Nínú páálí kọ̀ọ̀kan, orílẹ̀-èdè náà pàdánù 1,500. Fún ìjọba bíi ti Tógò, tí owó ibodè jẹ́ òpó pàtàkì nínú owó tó ń wọlé fún un, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú ìwé lásán.

Gbogbo ìṣirò wọ̀nyí ló gbà pé ìwé àkọsílẹ̀ kò parọ́. Ibí ni ọkàn mi ti ń gbóná. Nígbà tí wọ́n ń fọwọ́ sí àdéhùn 1975, òwò tí Lomé fi lókìkí jù ni ti àwọn ìyá oníṣòwò tí gbogbo ayé ń pè ní Nana Benz. Wọ́n ń kó àǹkàrá láti Holland, wọ́n ń tà á ní ọjà Assigamé, àwọn oníbàárà sì ń wá láti Gánà, Benin àti Nàìjíríà. Owó ibodè Tógò kéré, àwọn sáà kan sì wà tí Nàìjíríà fòfin de aṣọ òkèèrè pátápátá. Àlàfo yẹn ni òwò wọn dúró lé. Àdéhùn Lomé kò kàn wọ́n, torí ọjà tó ń lọ sí Yúróòpù ló ń rò. Nígbà tí wọ́n já owó CFA sí ìdajì ní oṣù Kìíní 1994, àwọn ìyá náà forí fá a.

Ìrẹsì náà ń jẹ́rìí sí i pé ìwé àkọsílẹ̀ kì í sọ gbogbo òtítọ́. Tàílándì máa ń kọ ọ́ sínú ìwé tirẹ̀ pé òun kó ìrẹsì tabua lọ sí Benin, irú èyí tí wọ́n ti bọ̀ kí wọ́n tó gbo èèpo rẹ̀. Àwọn ará Benin kì í sábà jẹ irú ìrẹsì yẹn. Nàìjíríà ni wọ́n ti ń fi se jọ̀lọ́ọ̀fù. Nínú ìwé Nàìjíríà, tó ti ka ìrẹsì láti orí ilẹ̀ léèwọ̀ láti 2016, ẹ ò ní rí nǹkan kan. Fífi ìwé olùtà wé ìwé olùrà lọ́nà yìí ni àwọn onímọ̀ fi ń mọ ibi tí fàyàwọ́ gbà kọjá. Raymond Fisman àti Shang-Jin Wei lò ó fún Hong Kong àti Ṣáínà ní 2004: bí owó ibodè bá fi 1% ga sí i, ọjà tó sá fún owó náà ń fi nǹkan bí 3% pọ̀ sí i. Ní Benin, àjọ tó ń ṣètò ìṣirò níbẹ̀ rán àwọn èèyàn lọ sí ibodè àti ọ̀nà ẹ̀bùrú lẹ́yìn 2010 láti lọ ka ọjà tó ń kọjá. Èyí tí kò wọ ìwé rárá lọ sí Nàìjíríà ju èyí tó wọ ìwé lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po.

Nígbà mìíràn, òṣèlú máa ń fún wa ní oko aládùúgbò tí a ń wá láìròtẹ́lẹ̀. Nàìjíríà ti ibodè rẹ̀ láti oṣù Kẹjọ 2019 sí oṣù Kejìlá 2020. Lẹ́yìn tí àwọn ológun gba ìjọba ní Niger ní 2023, ẹrù Niger tó ń gba Cotonou yí gba Lomé àti Burkina Faso. Ní oṣù Kìíní 2025, Mali, Burkina Faso àti Niger kúrò nínú ECOWAS. Ẹni tó bá ka àpótí ẹrù ní èbúté Lomé láìrántí àwọn nǹkan wọ̀nyí lè fi gbogbo rẹ̀ sí orí àdéhùn tí kò lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn àpótí náà kì í tilẹ̀ wọ Tógò. Wọ́n kàn ń ti inú ọkọ̀ ojú omi ńlá bọ́ sí kékeré ni.

Nísinsìnyí, AfCFTA ni gbogbo èèyàn ń sọ, àdéhùn òwò ọ̀fẹ́ gbogbo Áfíríkà tí wọ́n fọwọ́ sí ní Kigali ní oṣù Kẹta 2018, tí òwò abẹ́ rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ lórí ìwé ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 2021. Ohun tí mo fẹ́ kí ìjọba Tógò, Benin, Gánà àti Nàìjíríà ṣe ni kí wọ́n mọ iye ọjà tó ń kọjá báyìí, ti inú ìwé àti ti ìta, kí àdéhùn náà tó mú owó ibodè wálẹ̀ tán. Kí wọ́n máa tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dọọdún iye ọjà tó lẹ́tọ̀ọ́ sí ojúrere àti iye tó lò ó ní tòótọ́. Obìnrin tó ń gbé àpò ìrẹsì mẹ́ta láti Aflao kò ní lọ gba ìwé ẹ̀rí ibi tí ọjà ti wá bí owó àti àkókò tí yóò ná bá ju owó ibodè tí ìwé náà fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lọ. Ní Noépé, níbi tí aṣọ́bodè Tógò àti ti Gánà ti ń ṣiṣẹ́ pọ̀ ní ojúkò kan, kíkà yìí lè bẹ̀rẹ̀ láìdúró de àdéhùn tuntun kankan.